Kúnlẹ̀, Kí O Béèrè Orúkọ

Dọ́káàsì Oyèbọ́lá Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọfà. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Sístà aláṣọ funfun báláú, a-fọwọ́-lẹ́ẹ̀mẹta-kó-tó-mú-abẹ́rẹ́. Ìyá Táíwò, ìyá Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n tó fà mí lọ́wọ́ wọ Èkó. Ẹ sùn ire.

Mo ti pe orúkọ wọn tán yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo ti lò láyé, ẹnu mi kò sì pe orúkọ yẹn rí àfi ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn. Nílé tiwa, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni mò ń pè wọ́n nílé, "Sístà" ni mò ń pè wọ́n níbi iṣẹ́, "Ìyá Ìbejì" ni gbogbo Bàrígà ń pè wọ́n. Orúkọ tí bàbá wa sọ wọ́n wá dà bí aṣọ tí a dì sí ìsàlẹ̀ àpótí: gbogbo ilé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Ohun tó pa wọ́n nìyẹn. Bó ṣe rí ni mo sọ ọ́, mi ò ní fi oyin pa á.

Títílayọ̀, ìwọ ọmọ ọmọ mi, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì tí ẹ jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí lẹ ó wọ wọ́ọ̀dù. O bi mí lánàá lójúde, o ń jẹ gúgúrú, o ní, "Mọ́mì àgbà, wọ́n ní ká múra sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ inú iṣan. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é láyé ijọ́un?" O ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o gbé ìwé ìkọ̀wé kan wá àti báírò, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹnu sọ, fóònù rẹ yóò dún láàárín rẹ̀, o ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń bọ̀." Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Àmọ́ inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í wá gírámà.

Ilé ìwòsàn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ wà láàárín Onípanu àti Igbóbì. Kì í ṣe ilé ìwòsàn eegun o, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Tiwa kéré: wọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kan tọkùnrin, ọ̀kan tobìnrin, àti igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé. Ẹ má wá a lọ. Wọ́n ti wó o, táìlì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan ń pè mí, "Mọ́mì, ẹ wá wo táìlì tó ń dán bíi dígí!" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin lo dúró sí yẹn." Ó rò pé orí mi ti dàrú. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni Sàlámì Àlàó lò, télọ̀ ará Pedro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Sístà níbẹ̀, àwọn ló ni àṣẹ wọ́ọ̀dù. Èmi ni méèdì: mò ń nulẹ̀, mò ń bọ́ ẹni tí kò lè jẹun fúnra rẹ̀, mo sì ń se abẹ́rẹ́. Ẹ ń wo ojú ara yín? Bẹ́ẹ̀ ni, à ń sè é. Bí ẹlòmíràn ṣe ń se iṣu lèmi ń se abẹ́rẹ́. Síríńjì ìgbà náà, gíláàsì ni, kì í ṣe ike tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ń sọ nù. Láàárọ̀ kùtù n óò tan ṣítóòfù, n óò gbé agolo irin kaná, gíláàsì á sì máa lu ara wọn nínú omi tó ń hó: kérékéré, kérékéré. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ṣíbí ń kan ife tíì, ọwọ́ mi a máa wá ẹ̀mú. Láti ìkángun wọ́ọ̀dù ni Sístà ti ń gbọ́ ohùn yẹn. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, ohùn rẹ̀ a yí padà, n óò sì gbọ́: "Àbúrò! Omi ẹ ti ń gbẹ o! Ṣé o fẹ́ yan síríńjì jẹ ni?"

Lẹ́yìn náà ni n óò kó abẹ́rẹ́ jáde, n óò fa ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá lára òwú. Èyí tó bá kọ́ òwú, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀, ó di kí n lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo kọsẹ̀ lára gárawà, síríńjì mẹ́fà fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ lórí símẹ́ńtì. Ẹkún ni mo bú sí, mo rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń dá mi padà sí. Sístà ò gbá mi. Ńṣe ni wọ́n ní kí n ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀, kí n tò ó padà títí yóò fi di síríńjì mẹ́fà, kí ọ̀kan má baà ṣẹ́kù nílẹ̀ tí yóò gún aláìsàn lẹ́sẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi tò ó. Ìyà náà dùn mí ju ìgbátí lọ, àmọ́ mi ò fọ́ síríńjì mọ́.

Ẹ má rò pé ibi ẹkún nìkan ni. Tó bá di Kérésì, àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú á kó etí bébà tí wọ́n gé kúrò fún wa, pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé. Àwọn nọ́ọ̀sì á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n, wọn á gbé e kọ́ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Tó bá di Iléyá, ẹran á ti ilé àwọn Alhaji wá. Sístà tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi paraku á jókòó ti eegun, wọn á fà á títí yóò fi funfun. Àmọ́ bí àsìkò abẹ́rẹ́ bá tó, orin á dúró, eegun á kúrò lẹ́nu, kálukú á lọ fọwọ́. Ọdún ò yẹ abẹ́rẹ́ lọ́nà rí.

Ó kàn mí báyìí láti dáhùn ohun tí o bi mí. Abẹ́rẹ́ tó wọ inú ẹran ara, bí ẹ bá ṣì í, ẹ ṣì lè ráyè sáré. Èyí tó wọ inú iṣan, ọ̀dọ̀ ọkàn ló ń lọ tààrà, kò ní ilé tí yóò yà sí lọ́nà. Sístà a máa sọ pé, "Ohun tí ẹ bá fi sínú iṣan, ẹ ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ ò lè gbà á padà mọ́."

Nọ́ọ̀sì tuntun kan dé, Ìyábọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí. Sístà mú un dúró ti tábìlì. Ó fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ka ara ìgò nígbà tó mú un, ó kà á nígbà tó fẹ́ po oògùn, ó tún kà á nígbà tó ń gbé e sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kọ́mfọ̀tì tó ti pẹ́ níbẹ̀ kà á tẹ̀lé e sókè, torí ojú mẹ́rin ló ń ṣọ́ ẹ̀mí kan. Oògùn tó dà bí àtíkè ni, ó bu omi sí i. Kò mì ín, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ń yí i jẹ́jẹ́ títí tó fi mọ́ kedere. Ó fà á sínú síríńjì, ó kọ ẹnu abẹ́rẹ́ sókè, ó fi ìka ta á, afẹ́fẹ́ jáde, ẹ̀kán kan tẹ̀lé e. Sístà wá ní kó rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í wọlé, pé ẹsẹ orin ìjọ mẹ́ta lòun máa ń kọ sábẹ́ ahọ́n kí òun tó tì í tán. Ìyábọ̀dé ní, "Mùsùlùmí ni mí, mà, mi ò mọ orin ìjọ." Sístà ní, "Ka tèsùbáà ẹ, ọmọ mi. Ṣáà má sáré."

Gbogbo ẹ̀, ọmọ náà ò ṣì í. Ó wá gbé tírè lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọ̀dọ̀ télọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Alhaji, ẹ̀yin ni mo gbé abẹ́rẹ́ wá fún o."

"Ẹn, ọmọ mi, o ṣeun."

Sístà ní, "Dúró." Wọ́n kọjú sí wọ́ọ̀dù, wọ́n pariwo: "Alhaji!"

Bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Náàmù!" Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní, "Ẹn!" Bẹ́ẹ̀dì kẹfà ní àkàrà lẹ́nu, ọwọ́ ló nà sókè.

"Ìyábọ̀dé, Alhaji mélòó lo gbọ́?"

"Mẹ́ta, mà."

"Lára mẹ́ta yẹn, o ti pa méjì. Lọ bá wọn wá aṣọ funfun."

Alhaji bẹ́ẹ̀dì kẹfà gbé àkàrà mì wàràwàrà. "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ì tíì gé tèmi o! Mi ò tíì jẹun tán!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀dé nìkan ló ń sunkún. Ó ní, "Sístà, nílé wa, wọn ò kọ́ mi kí n máa bèèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbàlagbà."

Sístà ní, "Nílé tiwa náà, wọn ò kọ́ mi. Bàbá mi ì bá ti yí mi létí. Wá wo bí a ṣe ń ṣe é." Pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù funfun tí mo fi sítáàṣì pa, ẹ̀gbọ́n mi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ tí bàbá yín sọ yín?"

Ọkùnrin náà dìde jókòó. Ó nu ojú. "Sàlámì," ló wí. "Sàlámì Àlàó, ọmọ Rájì, ní agboolé Alápó." Ó tún fi oríkì lé e, ó ń ki ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n gbé gorí ẹṣin. Nígbà tó parí, ó ní, "Sístà, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún bèèrè orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi."

Sístà wo Ìyábọ̀dé láti ìsàlẹ̀, wọn ò tíì dìde. "Ṣé o rí i? Orúnkún ẹ ń bọ̀wọ̀ fún un, ẹnu ẹ ń gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà, òfin wọ́ọ̀dù wa ni: kúnlẹ̀, kí o béèrè orúkọ. Kì í ṣe "Ṣé ẹ̀yin ni Sàlámì?" o. Má bu orúkọ sí aláìsàn lẹ́nu. Ẹni tí ara ń ro á ní "ẹn" kí o lè tètè lọ. Àgbàlagbà á ní "ẹn" kí ojú má baà tì ọ́. Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, wọ́n ní. Rúfọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé lo ọjọ́ mọ́kànlá ní bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Lọ́jọ́ kẹwàá ó fárígá: "Sístà, ẹ béèrè láàárọ̀, ẹ béèrè lọ́sàn-án, ṣé mo yí orúkọ padà lójú oorun ni?" Sístà wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò yí i padà. Ojú tèmi ló lè yí padà." Ló bá sọ orúkọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí ìbejì, wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ní pẹnisílìnì, ọ̀fun wọn dí, ojú wọn wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Dókítà tó wà ní tòsí ló sáré gún wọn ní oògùn míì tó dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni tírè kékeré kan ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù wa, aṣọ funfun ló bò ó, oògùn tó ń dáni padà ló wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni Sístà ń ṣí i wò. Wọn ò tì í rí. Dókítà kan dábàá àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, Sístà ní, "Sà, ilé tó ń jó kì í dúró de kọ́kọ́rọ́."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí ìgbẹ́ gbuuru mú ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin kì í ṣe ọjọ́ orí tó lè bá ìgbẹ́ gbuuru jà. Èmi àti Táíwò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Bàrígà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, mi ò kàn fẹ́ kí ẹ rò pé ibẹ̀ nìkan ni. Dókítà tó gbà wọ́n wọlé ṣe dáadáa. Mo sọ fún un nípa pẹnisílìnì, ó fi báírò pupa kọ ọ́ sára fáìlì. Wọ́n so orúkọ wọn mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n ṣí iṣan, wọ́n fa omi sí wọn lára. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè ẹ̀kọ. Ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ti ń béèrè ẹ̀kọ!

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni obìnrin Ìlàjẹ kan wà, ará etí ọ̀sà, tó ń yan ẹja. Ọmọ́wùmí lorúkọ rẹ̀, egbò ẹsẹ̀ ló gbé e wá. Ìyá ìbejì lòun náà. Ìyẹn mú inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n ń fi ìbejì ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì náà, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti dìde, ooru bo wọ́ọ̀dù. Etí fèrèsé ni Ọmọ́wùmí wà. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń làágùn, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ wá gba atẹ́gùn." Ó tiro dìde, a ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Inú rere ni. Mi ò lè bínú sí Ọmọ́wùmí, mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Kò pẹ́ ni nọ́ọ̀sì ọ̀sán wọlé. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan ló wà fún bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún. Èkejì rẹ̀ dà? Wọ́n ti rán an lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ta ni yóò ka ara ìgò tẹ̀lé e? Ògiri ni? Ẹni tó fẹ́ lọ sílé ti sọ fún un pé, "Ìyá Ìbejì tó wà létí fèrèsé ló ń gba abẹ́rẹ́ lásìkò yìí." Fáìlì Ọmọ́wùmí ló mú. Kò ṣí ti ẹ̀gbọ́n mi rárá. Báírò pupa wà níbẹ̀, ó ń pariwo fún afọ́jú.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni o. Ó gbé tírè wá, ó tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dijú. Èmi ló wò, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Mọ́mì Ìbejì nìyí, àbí?"

Mo ní, "Ẹn. Àwọn ni."

Ẹ tún un kà. Èmi! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ béèrè orúkọ. Èmi ni mo ní "ẹn." Mo mọ̀ pé kò béèrè bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá dé ọ̀nà ọ̀fun mi pé, "Ọmọ mi, béèrè orúkọ wọn." Mo gbé e mì. Mo wo ara mi, agbálẹ̀, oníwèé mẹ́fà, mo ní ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́? Ìdí kejì sì tún burú ju ìyẹn lọ: mo mọ̀ pé bó bá béèrè, ẹ̀gbọ́n mi ń sùn, èmi ni n óò dá a lóhùn. Ojú ń tì mí láti pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ létí ọmọdé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí wọ́ lójú mi kòrókòró.

Ó ti oògùn náà wọlé. Kò tó ẹsẹ orin kan. Kò tó kí ènìyàn gbé itọ́ mì. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́tàdínlógún míì ń dúró dè é, ta ló ráyè orin?

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. Wọ́n wo síríńjì tó ti ṣófo, wọ́n wo ọmọ náà. Ohùn wọn kò le, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni.

"O ò béèrè orúkọ mi."

Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Ètè wọn wú. Mo pariwo, "Pẹnisílìnì!" torí mo ti rí i rí. Bùkọ́lá sáré lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù tí oògùn tó ń dáni padà wà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá kan tó ti lọ jẹun ní Onípanu. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ lásán fa ilẹ̀kùn, ó ń ké, ó ń pe fóònù tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló wá fi sípánà fọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọkàn ta ni kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró tó bá kú? Ọ̀gá wọn, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, pè wá sí ọ́fíìsì, ó fún wa lómi tútù, ó ní, "Màmá, wọ́n ti dàgbà, àsìkò ló tó. Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á." Mo gbé ife omi rẹ̀ padà sórí tábìlì. Mo ní, "Sà, ẹ má fi Ọlọ́run ṣe lọ́yà yín. Ọlọ́run kọ́ ló fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ jẹun. Ọlọ́run kọ́ ló fi ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìkan ti bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún." Ó ní Táíwò, ẹ bá màmá sọ̀rọ̀. Táíwò dìde, ó ní ká máa lọ.

O ní ayé ti dára, Títí, pé síríńjì yín mọ́ ju tiwa lọ, pé ẹ kì í lọ abẹ́rẹ́ lórí òkúta mọ́, pé ẹ ń so orúkọ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ padà sí gíláàsì. Orúkọ wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, aṣọ ìbora ló bò ó. Ohun tí orúkọ ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà, kí ni? Àwa ò ní nǹkan kan, ẹnu la ní, a sì ń lò ó. Ẹ̀yin ní gbogbo nǹkan, ẹnu ló wá ń tì yín.

Lọ́jọ́ Ajé, bí o bá ti fọwọ́ tán, tí o ka ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú síríńjì, kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, máa kúnlẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá ní o ń pẹ́, sọ fún un pé òkú ló ń pẹ́ jù. Béèrè ibi tí oògùn tó ń dáni padà wà kí o tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Bí wọ́n bá tì í, pariwo ní ọjọ́ kìíní, má dúró de ọjọ́ tí ẹnìkan máa wú. Bí ìyá arúgbó kan bá sì jókòó ti aláìsàn, tó ń wò ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ kan há a lọ́fun, bi í pé, "Mà, kí lẹ fẹ́ sọ?" Bóyá agbálẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bùkọ́lá wá. Kò wọ yunifọ́ọ̀mù, búláòsì àti ìró ló wọ̀, ó dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí òjò lé débẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun o, kì í ṣe ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Táíwò rí i, ó fò sókè: "Ta ló pè ẹ́ wá síbí? Ta ló pè ẹ́?" Mo ní, "Táíwò, fi í sílẹ̀." Ọmọ náà rìn wá síwájú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

"Mà, ẹ forí jì mí."

Mo ní, "Mi ò ní ìdáríjì lọ́wọ́ lónìí. Mo ń wá díẹ̀ fún ara mi náà, mi ò tíì rí i. Béèrè ohun tí o ò béèrè."

Ó wò mí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ sínú ẹnu. Ó wá yé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí lorúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n?"

Mo ya ẹnu. Orúkọ náà jáde, ó ròkè ju bí mo ṣe rò lọ: "Dọ́káàsì Oyèbọ́lá Àbẹ̀kẹ́." Mo gbọ́ tí ìbátan wa kan ní, "Háà! Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórúkọ!" Mi ò wo ẹ̀yìn. Mo ní kí ọmọ náà tún un sọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ ọ́, kò sì ṣì í.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò ò rọ̀. A sin wọ́n ní aago méjì ọ̀sán.